ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́: Ìtàn Bí A Ti Ń Wọn Aṣọ fún Ọmọ Ọwọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀. A ti gbọ́ ìtàn ogun, a ti gbọ́ ìtàn ọba, a sì ti gbọ́ ìtàn bí a ti tẹ ìlú dó. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti jókòó gbọ́ ìtàn ẹ̀wù ọmọ ọwọ́? Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba tàbí jagunjagun kan tí kò kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ọwọ́, tí a kò sì fi aṣọ kan gbà ní ọjọ́ tí ó dé ayé. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ yá mi ní etí yín fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí. Bí ìyá kan bá jáde lónìí sí etí ọ̀nà ńlá tí ó ti Ajah wá, tí ó gba Sangotedo àti Awoyaya kọjá dé ọ̀dọ̀ wa ní Lákọ̀wé níhìn-ín, tí ó sì ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, yóò rí ẹ̀wù ọmọ tí a so kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì. Ní ọrùn ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ni a gbé rán aṣọ péńpé kan mọ́ ọn, tí a kọ nọ́ńbà sí: 0–3, tàbí 3–6, tàbí 62, tàbí 68. Ìyá yóò wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ oṣù 4 ni, èwo ni yóò bá a mu?” Ẹni tí ń tajà yóò wo nọ́ńbà, yóò sì fa ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá délé, ẹ̀wù kò gba orí ọmọ kọjá. Ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ìyá ni, tàbí ẹni tí ń tajà, tàbí ọmọ tí ó yára dàgbà? Mo fẹ́ fi ìtàn yìí hàn yín pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà náà ni kò mọ ọmọ náà rí. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti wá yóò mọ bí a ti í gbà á gbọ́, àti ibi tí ó yẹ kí ìgbàgbọ́ náà mọ.

I. ÌGBÀ Ọ̀JÁ

Ní ayé àwọn ìyá ńlá wa, aṣọ ọmọ ọwọ́ kò ní ìwọ̀n, nítorí pé a kì í rán an. Aṣọ àgbà tí ó ti gbó, tí ó sì ti rọ̀ nítorí fífọ̀ ní ìgbà púpọ̀, ni a fi ń gba ọmọ tuntun. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: aṣọ tuntun a máa le, a sì máa ha ara ọmọ, ṣùgbọ́n aṣọ tí ìyá ti ró fún ọdún púpọ̀ a máa rọ̀ bí òwú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tilẹ̀ fẹ́ kí a pèsè aṣọ sílẹ̀ de ọmọ tí ó ṣì wà nínú, nítorí pé ikú ọmọdé pọ̀ lọ́jọ́ wọnnì, wọn kò sì fẹ́ yọ ayọ̀ ohun tí ojú wọn kò tíì rí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀já. Àwọn obìnrin a máa hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé nàró, àwọn ọkùnrin a sì máa hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán pọ̀ di fífẹ̀. Láti inú irú aṣọ wọ̀nyí ni a ti ń rí ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀já kan náà tí ó gba ọmọ oṣù 3 ni yóò gba ọmọ ọdún 2. Bí ọmọ ti ń tóbi sí i, ìyá kò ní í ra òmíràn. Yóò kàn tú ìdì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ yìí bá sì já lẹ́nu ọmú, àbúrò rẹ̀ yóò bá ọ̀já náà nílé.

Irú aṣọ báyìí kò mọ sí ilé wa nìkan. Aṣọ tí a hun ní Ìjẹ̀bú ré kọjá òkun. John Adams, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1823, jẹ́rìí pé àwọn ènìyàn dúdú ní Bràsíl ka aṣọ Ìjẹ̀bú sí púpọ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí a bí àwọn tàbí àwọn òbí wọn sí ni ó ti wá. Títí di òní olónìí, àwọn obìnrin Bàhíà ṣì ń fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lé èjìká, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ní èdè Potogí fi hàn pé láti etíkun ilẹ̀ wa ni ó ti lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ìyá ńlá wa kò wọn ọmọ. Wọ́n wọn ọmọ; nọ́ńbà ni wọn kò lò. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń so mọ́ ìdí ọmọ. Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀ṣọ́ nìkan ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni pẹ̀lú. Bí okùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, ìyá mọ̀ pé ọmọ ń sanra. A ó tú u, a ó sì tún un sín sórí okùn tí ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá sì ń yọ̀ bọ́ sísàlẹ̀, ìyá mọ̀ pé ọmọ ti rù, yóò sì wá ìtọ́jú kiri. Òṣùwọ̀n náà wà lára ọmọ fúnra rẹ̀. Kò bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì fi í wé ọmọ ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí a fi ohun kan kún un. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, nínú àwọn ẹni tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajàyí Crowther jẹ́ aṣáájú, dé ibi tí Lúùkù gbé sọ ti aṣọ tí Màríà fi wé ọmọ rẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, wọn kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn kiri. Ọ̀já ni wọ́n pè é. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé aṣọ gbọọrọ tí kò ní apá tí kò sì ní ọrùn ni àwọn Júù pẹ̀lú fi ń wé ọmọ tuntun. Àwọn ìyá tí òkun pín níyà mọ ọgbọ́n kan náà.

II. ÌGBÀ ABẸ́RẸ́

Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn ará wa tí a ti kó lẹ́rú, tí a sì dá sílẹ̀ ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Àwọn Agùdà ń ti Bràsíl àti Kúbà padà wá sí Èkó pẹ̀lú. Ní 1842 ni Henry Townsend dé Àgbádárìgì. Ní 1846 ni òun àti Crowther dé Abẹ́òkúta láti tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mú ìwé nìkan bọ̀. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, sísọ́ọ̀sì àti ẹ̀wù rírán bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Agùdà jẹ́ télọ̀, ìyàwó àwọn míṣọ́nnárì sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán. Ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, níbi tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ dé ní 1853, àwọn ọmọ tí ó kó jọ sọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń di abẹ́rẹ́ mú kí wọ́n tó mọ ìwé kà dáradára. Nígbà tí ìjọ C.M.S. sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí a ń kọ́ wọn níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni aṣọ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní apá, ọrùn, àti ihò bọ́tìnì. Níhìn-ín gan-an ni ìṣòro ìwọ̀n ti ṣẹ̀. Aṣọ tí a fi ń wé ọmọ kò bèèrè bí orí rẹ̀ ti tóbi tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí ó ní ọrùn gbọ́dọ̀ mọ orí tí yóò gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ara àgbà tí a dín kù. Orí ọmọ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn gbogbo ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà jẹ́ ìdá kan nínú 7 tàbí 8. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ọrùn rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ká. Télọ̀ tí ó bá dín ẹ̀wù baba kù láti fi rán ti ọmọ yóò rán ẹ̀wù tí apá rẹ̀ gùn jù, tí ọrùn rẹ̀ sì há jù.

Àwọn télọ̀ àtijọ́ mọ èyí. Wọn a gbé tépù yí ọmọ ká, wọn a wọn àyà, wọn a wọn orí, wọn a sì wọn láti ejìká dé ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gé e, wọn a fi àyè sílẹ̀, wọn a sì ká etí aṣọ sínú kí a lè tú u bí ọmọ bá ti ń ga. Ẹ̀wù ìrìbọmi tí ọmọ mẹ́rin nínú ilé kan wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun àjèjì fún èmi tí mo ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ níbi omi ìrìbọmi. Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ a máa gùn kọjá ẹsẹ̀ ọmọ, okùn ni a sì fi ń so ó lẹ́yìn, nítorí náà ó gba ọmọ kékeré, ó sì gba ọmọ ńlá. Ọgbọ́n ọ̀já ni ó sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ sì rántí Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. A kà á pé lọ́dọọdún ni ó ń dá ẹ̀wù kékeré fún ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń mú un lọ fún un ní Ṣílò. Ẹ jẹ́ kí a ro iṣẹ́ obìnrin yìí wò. Ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò lè gbé okùn yí i ká. Ohun tí ó rí ní ọdún tí ó kọjá nìkan ni ó mọ̀, yóò sì fi ọkàn rò bí ọmọ náà yóò ti ga tó kí òun tó tún fi ojú kàn án. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń rán aṣọ ọmọ lónìí wà ní ipò Hánà: wọ́n ń rán aṣọ fún ọmọ tí wọn kò rí. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà. Hánà ti rí ọmọ tirẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò rí ọmọ tiyín rí.

III. ÌGBÀ NỌ́ŃBÀ

Báwo ni ènìyàn ti í rán aṣọ fún ọmọ tí kò rí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti inú ilé télọ̀ kan wá. Ní ìlú Sterling, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ebenezer Butterick. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀, Ellen, fẹ́ rán aṣọ fún ọmọkùnrin wọn kékeré, Howard. Ìwé tí a fi ń gé aṣọ nígbà náà, tí àwọn télọ̀ ń pè ní pátánì, a máa wá ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré. Ellen wí fún ọkọ rẹ̀ pé iṣẹ́ náà ìbá rọrùn bí pátánì bá wà tí ó jẹ́ ìwọ̀n ọmọ náà gan-an. Ọkọ rẹ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ṣe é. Ní 1863 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátánì tí ó wà ní ìwọ̀n oríṣiríṣi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà nígbà náà, nítorí pé Isaac Singer ti gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní 1851. Ẹ̀rọ ń rán kíákíá, pátánì sì ń sọ ìwọ̀n. Láti ìgbà náà ni aṣọ ọmọ ti di ọjà tí a ń rán sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ni ó ń sọ ìwọ̀n tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ohun tí ọ̀kan pè ní ti ọmọ ọdún 1, èkejì pè é ní ti ọmọ oṣù 6. Aṣọ tí àwọn oníbàárà ń dá padà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pàṣẹ pé kí a lọ wọn àwọn ọmọdé. A wọn ọmọ tí ó lé ní 147,000, a wọn ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ibi 36, a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1941. Ẹ gbọ́ ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀: ọmọ ọdún 4 dé 17 ni àwọn tí a wọn. Ọmọ ọwọ́ kò sí nínú wọn. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí a ṣe ìlànà fún aṣọ ọmọ ọwọ́ ní nǹkan bí 1950, gíga ọmọ àti bí ó ti wúwo tó ni a fi lélẹ̀ bí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n. Ní 1977 ẹ̀wẹ̀, àjọ tí ń ṣe ìlànà ọjà fún gbogbo ayé, èyí tí a ń pè ní ISO, sọ pé gígùn ara ọmọ ni kí a fi máa pe ìwọ̀n aṣọ rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tí ó jinlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti fohùn ṣọ̀kan tipẹ́tipẹ́ pé ọjọ́ orí kì í ṣe ìwọ̀n. Kí ni ó dé tí oṣù fi wà lára aṣọ síbẹ̀? Nítorí pé ó rọrùn fún ẹni tí ń rà. Ẹ̀gbọ́n bàbá tí ń ra ẹ̀bùn ìsọmọlórúkọ kò mọ gígùn ọmọ, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí a bí i. Oṣù tí a kọ sí ọrùn ẹ̀wù jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. A kò kọ ọ́ fún ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ọjà wa, gbogbo ìlànà wọ̀nyí dàpọ̀ mọ́ra. Ẹ̀wù tí ó ti Jámánì wá a máa ru 56, 62, 68, 74, tàbí 80. Gígùn ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń sọ, láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa ru oṣù méjì tí a fi ìlà pín, bí 3–6, èyí tí ó sábà máa ń mọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 68. Ti Faransé, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gba Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa, a máa ru oṣù kan ṣoṣo, bí 6, èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ sẹ̀ǹtímítà 67. Ẹ rí i báyìí pé 3–6 ti Gẹ̀ẹ́sì, 6 ti Faransé, àti 68 ti Jámánì jẹ́ ẹ̀wù kan náà tí ó ní orúkọ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá sì lọ sí ìsọ̀ òkìríkà ní Kàtàngówá yóò bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú òkìtì kan. A ti fọ púpọ̀ nínú wọn nígbà àìmọye, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ òwú a máa súnkì bí a bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà ti yí padà.

IV. BÍ ỌMỌ TI Ń DÀGBÀ

Bí ọjọ́ orí kì í bá ṣe ìwọ̀n, ó yẹ kí a mọ bí ọmọ ti ń dàgbà ní tòótọ́. Nínú iṣẹ́ yìí ilẹ̀ wa ní ipa tí kò kéré. Ní 1956 ni oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ìléṣà. Ní abúlé Ìmẹ̀sí-Ilé, kò jìnnà síbẹ̀, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ déédéé láti ìgbà ìbí wọn, wọ́n sì ń fi àmì sí orí káàdì kan tí ìlà wà lórí rẹ̀. Wọn kò tọ́jú káàdì náà sí ilé ìwòsàn. Ìyá ni wọ́n fi lé lọ́wọ́. Bí àmì náà bá ń gòkè, ara ọmọ yá; bí ó bá dúró lójú kan, a mọ̀ kí àìsàn tó fi ojú hàn. Káàdì yìí tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Ṣé ẹ kò rí i pé ọgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni? Ìyá ni ó ni òṣùwọ̀n, ọmọ náà ni a sì ń fi wé ara rẹ̀.

Láti 1997 dé 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé wọn àwọn ọmọ tí ó tó nǹkan bí 8,500 ní ìlú mẹ́fà: Pelotas ní Bràsíl, Àkrà ní Gánà, Delhi ní Íńdíà, Oslo ní Norway, Muscat ní Oman, àti Davis ní Amẹ́ríkà. Ní 2006 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé bí a bá bọ́ ọmọ dáradára, tí a fún un ní ọmú, tí àìsàn kò sì bá a jà, ọmọ Àkrà àti ọmọ Oslo ń ga bákan náà. Kí a má ṣe wí pé ọmọ dúdú kéré, tàbí pé ọmọ òyìnbó tóbi. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọmọ méjì ní àdúgbò kan ju èyí tí ó wà láàárín ilẹ̀ kan àti èkejì lọ.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú àwọn iye náà. Ọmọkùnrin tí ó wà ní àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wọn kílò 3.3 nígbà ìbí, a sì máa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ní oṣù 3, ó ti tó 61. Ní oṣù 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 68. Ní ọdún 1, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 76, ó sì wọn kílò 9.6, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní ọdún 2, ó tó nǹkan bí 88. Ti ọmọbìnrin a máa rẹlẹ̀ díẹ̀: nǹkan bí 49 nígbà ìbí, 66 ní oṣù 6, àti 74 ní ọdún 1. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní oṣù 3 àkọ́kọ́, ọmọkùnrin fi sẹ̀ǹtímítà 11 ga. Ní odindi ọdún kejì, 12 péré ni ó fi ga. Ohun tí ó ṣe ní oṣù 3 ni ó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù 12. Nítorí náà, ẹ̀wù ọmọ tuntun tí a rà ní méjìlá kì í pẹ́ kí ó tó di ohun ìfitọrẹ, ṣùgbọ́n èyí tí a rà fún ọmọ ọdún 1 yóò pẹ́ lára rẹ̀.

V. OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ EWU

Bí ó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, èmi kì bá tí pe yín jọ. Ẹ̀wù tí kò bá ọmọ mu lè pa á lára. Rọ́bà tí ó há ní ìbàdí tàbí ní ọrùn ọwọ́ a máa fi àpá sí ara tí ó rọ̀. Ẹ̀wù tí ó tóbi jù a máa ká sókè bo imú àti ẹnu ọmọ nígbà tí ó bá sùn, ọmọ oṣù 2 kò sì ní agbára láti ká a kúrò. Orí ni ọmọ ọwọ́ fi ń tú ooru sílẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá dé fìlà òwú fún un nínú yàrá ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ó sì fi ṣọ́ọ̀lù wé e lé e, ní etí òkun wa tí ó móoru yìí, ń sè é ni, kò dáàbò bò ó.

Dídì pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní Japan ó jẹ́ àṣà rí láti na ẹsẹ̀ ọmọ tuntun gbọọrọ, kí a sì dì í pinpin, ọ̀pọ̀ ọmọ sì wà tí egungun ìbàdí wọn yẹ̀. Láti nǹkan bí 1975 ni àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ọmọ sílẹ̀ kí ó ká bí Ọlọ́run ti dá a, àrùn náà sì dínkù gidigidi. Ẹ wo bí ọmọ ti ń jókòó lẹ́yìn ìyá nínú ọ̀já: itan yà, orúnkún ká, ẹsẹ̀ sì di ìyá mú. Ipò tí àwọn oníṣègùn fẹ́ gan-an nìyẹn. Nítorí náà ẹ̀wù tí ó há ní itan, tí kò jẹ́ kí ọmọ ká ẹsẹ̀ rẹ̀, kò yẹ ọmọ, ì báà jẹ́ olówó iyebíye.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí kò sí ẹ̀wù kankan lọ́jà tí ó bá wọn mu, àwọn tí a bí kí oṣù wọn tó pé. Ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ní 1978, ẹ̀rọ tí ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru kò tó. Oníṣègùn Edgar Rey wí pé kí a tẹ́ ọmọ náà lé àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí a sì fi aṣọ dì í mọ́ ọn. Ní 2021 a tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí a ṣe lórí ọmọ 3,211 ní ilé ìwòsàn ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ ni a gbé ṣe ti ilẹ̀ wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó kílò 1.8. Nínú àwọn tí a gbé lé àyà láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, 12 nínú 100 ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé; nínú àwọn tí a kọ́kọ́ dúró kí ara wọn balẹ̀ ná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 nínú 100. Aṣọ gbọọrọ tí kò ní nọ́ńbà, pẹ̀lú ara ìyá, lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn, ni ó gba àwọn ọmọ wọ̀nyí là. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí mọ́ pé ọ̀já jẹ́ nǹkan ayé ọ̀lẹ̀.

VI. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Kí n má ba à fa ọ̀rọ̀ gùn, n ó kó ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa jọ. Èkíní: kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ tẹ́ ọmọ sí orí ẹní, ẹ wọn ọn láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kí ẹ sì mọ iye kílò rẹ̀ láti inú káàdì àjẹsára rẹ̀. Bí tépù kò bá sí, ẹ fi okùn wọn ọn, kí ẹ sì mú okùn náà dání. Yóò wúlò fún yín ju oṣù tí a kọ sí ẹ̀wù lọ. Èkejì: ẹ wá sẹ̀ǹtímítà tàbí kílò lára àkọlé ẹ̀wù kí ẹ tó wo oṣù. Bí ọmọ bá wà láàárín ìwọ̀n méjì, ẹ mú èyí tí ó tóbi. Ẹ̀kẹta: ẹ wo ọrùn rẹ̀, èyí tí ó ní bọ́tìnì ní ejìká, tàbí tí ó ṣí sílẹ̀ níwájú, ni ó sàn fún orí ọmọ. Ìka ọwọ́ méjì gbọ́dọ̀ lè wọ inú rọ́bà ìbàdí láìfipá. Ẹ̀kẹrin: ẹ̀wù ọmọ tuntun díẹ̀ tó, ẹ fi owó ìyókù pamọ́ de oṣù 6. Ẹ̀karùn-ún: bí òkìríkà ni, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú tòde. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí í yé ẹyin sí aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ sì ń wọ ara ọmọ. Ooru áyọ́ọ̀nù ni ó ń pa á. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ aṣọ náà ni kí ẹ tó gbà pé ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ọrùn ẹ̀wù bà yín lọ́kàn jẹ́. Mo mọ̀ pé ìyá kan wà tí ń sunkún nítorí pé ọmọ oṣù 9 rẹ̀ ń wọ 3–6, òmíràn sì wà tí ń ṣe fáàrí kiri àdúgbò nítorí pé ọmọ oṣù 3 rẹ̀ ti ń wọ 6–9. Ẹ̀wù kò lè jẹ́rìí ní ọ̀nà kan tàbí èkejì. Bí ọmọ bá ń ga, tí àmì orí káàdì rẹ̀ sì ń gòkè, ara rẹ̀ yá. Bí àmì náà bá dúró tàbí tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ì báà ṣe pé ẹ̀wù rẹ̀ kún ara rẹ̀ dáradára. Àwọn àgbà wa kò ní tépù, wọn kò sì rí káàdì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Wọ́n wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọn kò wí pé kí eku wá ara rẹ̀ rọ nítorí ìtẹ́.